Ariwo máṣíìnì ìsàlẹ̀ ilé kò jẹ́ kí ọmọ mi sùn: kí ni ká fi dí i?

Ìyá Ọmọ Tuntun, Ṣómólú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ṣómólú ni à ń gbé, ìsàlẹ̀ ilé náà sì ni wọ́n ti ń tẹ̀wé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ṣómólú mọ̀ pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló gbé àdúgbò wa ró, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà nítorí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti pé oṣù márùn-ún, kò sì tíì sùn dáadáa lọ́sàn-án láti ọjọ́ tí a ti kó dé ibí. Bí wọ́n bá ti tan máṣíìnì láago mẹ́jọ àárọ̀, gbì, gbì, gbì, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo máa ń gbé e sáyà, màá sì rí bó ṣe ń ta gìrì lójú oorun.

Ọkọ mi lọ ra fóòmù dúdú olórí ṣóńṣó yẹn, irú èyí tí àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá ọmọ. Lóòótọ́, bí a bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá náà báyìí, ohùn wa kì í ta padà mọ́. Ṣùgbọ́n gbì-gbì náà wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Owó ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló kù tí a lè rà?

Ará Kétu

Ẹ kú ọwọ́ lómi, ìyá ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan lẹ kíréètì ẹyin mọ́ gbogbo ògiri pálọ̀ rẹ̀. Kò wọ́n rárá. Ẹ dán an wò.

Olórin Sùúrùlérè

Ará Kétu, ẹ má bínú, kíréètì ẹyin kò lè dá ariwo dúró. Páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ohun tí kò bá sì wúwo kò lè dènà ohùn. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ kékeré kan ní Sùúrùlérè. Mo ti lẹ kíréètì rí, mo sì ti lẹ fóòmù.

Ìyá ọmọ, wọn ò lu ọkọ yín ní jìbìtì. Fóòmù náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ ni. Ó ń mu ohùn tó ti wà nínú yàrá kó má baà kọlu ògiri kó tún ta padà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí ìyàtọ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Èyí tó bá ń bọ̀ láti òde tàbí láti abẹ́ ilẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá bí omi ṣe ń gba inú asẹ́. Ohun tó ń dènà ohùn ni ohun tó wúwo, tí kò sì ní ihò.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí dáadáa, torí yàrá ọmọ ni. Fóòmù yẹn máa ń gbaná kíákíá, èéfín rẹ̀ sì jẹ́ májèlé. Lọ́dún 2003, ilé ijó Station ní Rhode Island, ní Amẹ́ríkà, gbaná nígbà tí iná tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ orí ìtàgé ta sára fóòmù ògiri. Ènìyàn 100 ló kú. Lọ́dún 2013, irú fóòmù bẹ́ẹ̀ gbaná lókè àjà ilé ijó Kiss ní ìlú Santa Maria ní Brazil, ènìyàn 242 ló bá a lọ. Bí ẹ bá máa ń tan àbẹ́là tàbí kọ́ìlì ẹ̀fọn nínú yàrá náà nígbà tí kò bá síná, ẹ ṣí fóòmù yẹn kúrò lónìí, ẹ má dúró di ọ̀la.

Olùkọ́ Físíìsì, Àkọkà

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kí ẹ tó tún mú owó síta, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ariwo náà ń gbà wọlé tọ̀ yín wá. Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ń gba afẹ́fẹ́: ọ̀rọ̀ ẹnu, rédíò, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé ìjọsìn. Èkejì ń gba ara ilé fúnra rẹ̀. Nǹkan kan lu ilẹ̀ tàbí òpó, kọnkéré gbé e láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ògiri àti ilẹ̀ yàrá yín á wá di awọ ìlù tó ń sọ ọ́ jáde. Oògùn èyí kò wo ìyẹn.

Ẹ dán nǹkan mẹ́ta wò nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́ nísàlẹ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa, kí ẹ tún ṣí wọn sílẹ̀. Bí gbì-gbì yẹn kò bá yí padà, afẹ́fẹ́ kọ́ ló ń gbé e wá. Ẹ fi etí lé òpó igun yàrá, kí ẹ tún fi lé àárín ògiri, kí ẹ mọ èyí tó dún jù. Lẹ́yìn náà kí ẹ bu omi sí ife, kí ẹ gbé e kalẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ máa wo ojú omi náà.

Ìyá Ọmọ Tuntun, Ṣómólú

Ẹ ṣeun gan-an, olùkọ́. Mo dán an wò láàárọ̀ yìí. Mo gbé ife omi kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ. Bí wọ́n bá ti lù ú nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òrùka kan á yọ létí ife, á sún dé àárín, á parẹ́, òmíràn á tún yọ. Mo ka mọ́kànlá kí n tó dìde. Mo ti fèrèsé, mo ṣí i, ìkan náà ni. Òpó igun ọwọ́ ọ̀tún ló dún jù. Nígbà tí mo fi etí lé e, ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń fi ọmọ odó gún un nídìí.

Mo wá pọn ọmọ, mo sọ̀kalẹ̀ lọ kí wọn níṣẹ́. Mo wá rí i pé máṣíìnì ìtẹ̀wé gan-an kọ́ ló ń ṣe é. Máṣíìnì tí wọ́n fi ń gé ìwé ni. Irin kan á wálẹ̀ gbì láti di ìwé mú, abẹ yóò sì gé e. Wọ́n fi bóòtù de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, tábìlì irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì fara ti òpó yẹn gan-an.

Olùkọ́ Físíìsì, Àkọkà

Ẹ ti rí i. Bí ẹ bá lẹ gbogbo nǹkan tó wà lọ́jà mọ́ ògiri òkè, ilẹ̀ tí ẹ̀ ń tẹ̀ àti òpó yẹn á ṣì máa sọ ọ́. Nísàlẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ohun àkọ́kọ́ kò ná yín ní kọ́bọ̀: kí wọ́n sún tábìlì yẹn kúrò lára òpó, kí ọwọ́ lè wọ àárín wọn. Ìkejì ni kí nǹkan rírọ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ máṣíìnì àti ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe rírọ̀ lásán. Rọ́bà gbọ́dọ̀ rì díẹ̀ lábẹ́ ìwúwo máṣíìnì kó tó lè ṣiṣẹ́. Gbogbo ohun tó bá jókòó lórí rọ́bà tàbí sípíríǹgì ló ní iye ìgbà tó fẹ́ máa jó láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí rọ́bà bá rì tó mílímítà mẹ́rin, ó máa ń sún mọ́ ìgbà mẹ́jọ. Bí ó bá jẹ́ mílímítà kan péré ló rì, bíi mẹ́rìndínlógún ni. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan ń gbọ̀n ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà rọ́bà tó bá rì mílímítà mẹ́rin á gé púpọ̀ nínú gbígbọ̀n rẹ̀ kó tó kan ilẹ̀. Àmọ́ bí ijó rọ́bà àti ijó máṣíìnì bá ṣe déédéé, ńṣe ni gbígbọ̀n máa pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí rèé tí àwọn kan á fi ki rọ́bà bọ abẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n á ní ó bà á jẹ́ sí i.

Ti máṣíìnì ìgéwé yàtọ̀ díẹ̀, torí lílù ẹ̀ẹ̀kan-ẹ̀ẹ̀kan ni, kì í ṣe yíyí. Rọ́bà á pa dídún gbì rẹ̀, ìyẹn tó ń ta ọmọ jí. Mímì wúyẹ́ tí ó lọ́ra lè ṣẹ́kù.

Mẹkáníìkì Ládípọ̀

Ohun tí olùkọ́ ń sọ yẹn, éńjìn síìtì ni. Irin sókè, irin sísàlẹ̀, rọ́bà láàárín, irin kò kan irin. Ọkọ̀ tí éńjìn síìtì rẹ̀ bá ti já, ẹ ó rí bí gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù ṣe ń gbọ̀n. A máa ń ta tòkunbọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ fi sábẹ́ jẹnẹrétọ̀ àti pọ́ǹpù omi. Ẹ fi èékánná tẹ rọ́bà náà kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá ti gan bí igi, tàbí ẹ rí i tó ti sán, ẹ dá a padà. Bí epo bá sì ń kán sí rọ́bà lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ tí á fi wú, tí á sì bàjẹ́.

Àṣìṣe kan wà tí mo máa ń rí: wọ́n á ki rọ́bà bọ abẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n á wá fi bóòtù gígùn gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n á sì fún un mọ́ ilẹ̀ pinpin. Bóòtù yẹn ti di afárá, gbígbọ̀n á gbà á kọjá bí ẹni pé rọ́bà kò sí. Ti éńjìn síìtì kì í rí bẹ́ẹ̀. Bóòtù òkè dá wà, ti ìsàlẹ̀ dá wà. Ìdí rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ ju kí èèyàn gé táyà lọ.

Onítẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ kú àpérò o. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú níbí, ọdún 22 rèé. Kì í ṣe èmi ni mo wà nísàlẹ̀ ilé ìyá ọmọ, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ẹni yẹn á máa rò. Bí wọ́n bá sọ fún onítẹ̀wé pé kó gbé máṣíìnì lé rọ́bà, ohun tó kọ́kọ́ máa wá sí i lọ́kàn ni pé ìwé á máa yẹ̀. Ó sì ń yẹ̀ lóòótọ́ bí igun kan bá rì ju èkejì lọ. Máṣíìnì ìgéwé ńlá wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi rọ́bà bàtà ṣe.

Ohun tí mo ṣe sí tèmi nìyí, nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbé lókè wa bẹ̀ mí. A dúró di ọjọ́ Sunday, a gé ilẹ̀ yí ká ibi tí máṣíìnì dúró, torí ìsàlẹ̀ pátápátá la wà, yanrìn ló wà lábẹ́ wa. A gbẹ́ ẹ wálẹ̀ díẹ̀, a da kọnkéré tó nípọn sí i, kò sì kan ilẹ̀ ilé níbì kankan. Àlàfo ìka méjì wà yí i ká, fóòmù la fi dí i, a ò jẹ́ kí bíríkìlà da sìmẹ́ǹtì sí i. Ó fẹ́ dà á o, ó ní kó lè dára lójú! Lórí kọnkéré yẹn la tẹ́ rọ́bà líle tó nípọn tó ínǹṣì kan sí abẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo rẹ̀ bákan náà, mo sì fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan torí rọ́bà máa ń jókòó. Láti ìgbà yẹn ìwé mi ò yẹ̀ rárá, abẹ mi pàápàá ń pẹ́ kó tó kú.

Ìyá ọmọ, ẹ lọ bá wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù, kí ẹ mú ọkọ yín dání, kí ẹ gbé ife omi yẹn lọ fi hàn wọ́n. Onítẹ̀wé kì í mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè. Etí wa ti mọ́ ọn.

Ìyá Ìbejì, Agége

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo yà sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Tèmi ni jẹnẹrétọ̀ àwọn ayálégbé. Wọ́n ń gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kángun sí fèrèsé mi. Ọmọkùnrin kan ní òun lè fi pákó kan àpótí bò ó kó má pariwo mọ́. Ṣé ó dáa?

Olùkọ́ Físíìsì, Àkọkà

Rárá o, Ìyá Ìbejì! Ẹ má gbà. Jẹnẹrétọ̀ ń tu afẹ́fẹ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa odindi ìdílé sójú oorun. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ léwu kó tó di pé ẹ sọ̀rọ̀ àpótí. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n gbé e jáde sí gbangba, kó jìnnà sí gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹnu èéfín kọ ẹ̀yìn sí ilé. Jíjìnnà náà ń dín ariwo kù: ní gbangba, bí ẹ bá sọ ọ̀nà tó wà láàárín yín àti ẹ̀rọ di ìlọ́po méjì, ariwo rẹ̀ máa ń fi bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́fà dín kù (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni ìwọ̀n tí a fi ń wọn ariwo). Lẹ́yìn èyí, ògiri búlọ́ọ̀kù kan tí wọ́n rẹ́ dáadáa láàárín ẹ̀rọ àti fèrèsé yín, tó ga ju ẹ̀rọ náà lọ, tí òkè àti ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, á tún gé e.

Nípa dẹ́síbẹ́ẹ̀lì yìí: a kì í rò ó pọ̀ bí owó. Bí ó bá fi mẹ́wàá lé, agbára ohùn náà ti di ìlọ́po mẹ́wàá, etí wa á sì gbọ́ ọ bí ìgbà tó di ìlọ́po méjì.

Káfíńtà Mushin

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ àjà àti ògiri pákó ni mò ń ṣe jù. Ẹjọ́ tí wọ́n máa ń gbé wá fún mi ju ti máṣíìnì lọ ni ti aládùúgbò: "Mò ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní yàrá kejì." Wọ́n á ní kí n wá fi nǹkan bo ògiri. Èmi kì í fọwọ́ kan ògiri kí n tó gun òkè àjà lọ wò ó.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan pè mí sí ilé face-me-I-face-you kan. Ó ti kan pákó mọ́ ògiri, ó ti fi rọ́ọ̀gì bò ó. Mo yọ pákó àjà kan, mo ki orí bọ̀ ọ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo wá pa tọ́ọ̀ṣì náà. Iná yàrá kejì ń yọ fẹ́lẹ́ láàárín àwọn pákó àjà tiwọn, mo sì ń gbọ́ ìyàwó ilé náà ketekete, ó ń ṣírò iye tí òun fi ra tàtàṣé àti epo pupa. Ògiri búlọ́ọ̀kù tó pín yàrá méjèèjì parí síbi tí àjà wà. Láti ibẹ̀ títí dé abẹ́ páànù, gbayawu ni. Rọ́ọ̀gì wo ló fẹ́ dí ìyẹn? Bíríkìlà to búlọ́ọ̀kù sí i títí ó fi dé abẹ́ páànù, ó rẹ́ ẹ lójú méjèèjì, mo fi rockwool, ìyẹn owú òkúta, dí àlàfo etí òkè rẹ̀. Ó tán. Púpọ̀ nínú ilé wa ní Èkó ló rí bẹ́ẹ̀, kódà fláàtì tuntun.

Ẹ tún máa wo sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn oníṣẹ́ iná máa ń kan tiyín àti ti aládùúgbò sí ojú kan náà, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, ihò kan ṣoṣo ló wà láàárín. Búlọ́ọ̀kù tí wọn kò bá rẹ́ náà, ohùn ń gba ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀.

Bí gbogbo ìyẹn bá ti dí tí ariwo ṣì ń wọlé, ìgbà náà ni à ń sọ̀rọ̀ ògiri kejì. Ẹ jẹ́ kí pákó rẹ̀ dá dúró, kó fi bí ínǹṣì méjì jìnnà sí ògiri ti àtijọ́, kí wọ́n má kàn án mọ́ ọn rárá. Ìṣó kan tó bá kan ògiri ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ fi rockwool sínú àlàfo náà, kí ẹ má kì í mọ́lẹ̀ bí owú ìrọ̀rí. Lẹ́yìn náà, plasterboard, ìyẹn pátákó POP pẹlẹbẹ, ìpele méjì, kí ojú ìpàdé ti òkè má bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀. Sílíkóònù ni ẹ ó fi dí gbogbo etí rẹ̀ yí ká. Òkúta ni wọ́n yọ́ tí wọ́n fi ṣe rockwool, kì í jóná bíi fóòmù, ṣùgbọ́n ó ń yún ara. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi nǹkan bo imú. Bí ògiri bá ń mu omi òjò, ẹ kọ́kọ́ wo ìyẹn sàn, torí rockwool tó bá rin gbindin kò wúlò mọ́. Ẹ sì fi oògùn ikán kun pákó.

Olùkọ́ Físíìsì, Àkọkà

Káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́. Ohun tó mú kí àlàfo yẹn lérè ni pé bí ẹ bá kàn ń mú ògiri kan ṣoṣo wúwo sí i, tí ẹ sọ ìwúwo rẹ̀ di ìlọ́po méjì, bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ni ẹ ó rí jẹ níbẹ̀. Ògiri méjì tí kò fara kan ara wọn, tí ohun tó ń mu ohùn wà láàárín wọn, ń ṣe ju èyí lọ dáadáa, láìgba àyè púpọ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Tiwa ní Ìsàlẹ̀ Èkó kì í ṣe ògiri. Ilé bàbá bàbá mi, ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ohùn kankan kì í gbà á kọjá. Fèrèsé ni. Lọ́jọ́ Saturday wọ́n á ta kánópì sójú títì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn á dojú kọ yàrá wa, màmá mi tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru á jókòó sójú kan, á máa fọwọ́ di etí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Inú mi kì í dùn láti rí wọn bẹ́ẹ̀.

Lúfà la ní tẹ́lẹ̀. Bí ẹ ti wù kí ẹ ti lúfà tó, àlàfo wà láàárín gíláàsì kan sí èkejì. Mo yọ ọ́, mo fi casement sí i, irú èyí tí ẹ̀ ń fi ọwọ́ fà tí rọ́bà etí rẹ̀ á fún mọ́ férémù. Mi ò mú èyí tí wọ́n ń sún, torí búrọ́ṣì lásán ló máa ń wà létí tirẹ̀. Nígbà tó yá, mo tún fi fèrèsé gíláàsì kejì sí inú, ó fi tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Ìgbà yẹn ni màmá mi tó sùn.

Ooru wá ńkọ́? Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè ti fèrèsé. Mo ní kí káfíńtà kan àpótí gígùn kan fún mi, tí afẹ́fẹ́ á gba ẹnu kan wọ̀, á yà lẹ́ẹ̀mejì bí ejò, á sì gba ẹnu kejì jáde sínú yàrá. A fi rockwool tí a fi aṣọ fẹ́lẹ́ dì tẹ́ inú rẹ̀, fáànù kékeré kan sì ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Afẹ́fẹ́ mọ bó ṣe máa yà ní kọ́nà. Ohùn tó bá kọlu kọ́nà, rockwool á mu ún.

Olùkọ́ Físíìsì, Àkọkà

Iṣẹ́ ọpọlọ ni àpótí yẹn. Kí ẹ lè mọ bí ihò ṣe ń jẹni níyà: ògiri tó lè gé dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 50, bí àlàfo tó jẹ́ ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, bíi 20 ni gbogbo rẹ̀ á lè gé mọ. Abẹ́ ilẹ̀kùn tí ìka lè wọ̀, ẹ má fojú kéré rẹ̀.

Ará Mààfòlúkù

Ọkọ̀ òfuurufú ni tiwa, ìyẹn kò ní oògùn ju àjà àti fèrèsé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìwọ̀n kankan wà tí òfin fọwọ́ sí? Mo ní áàpù tó ń ka dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lórí fóònù.

Olùkọ́ Físíìsì, Àkọkà

Ó wà. LASEPA, ilé iṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó àyíká, fi í sí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 55 lọ́sàn-án àti 45 lóru fún àdúgbò tí èèyàn ń gbé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 1999 pé inú yàrá tí èèyàn ń sùn kò yẹ kó ju 30 lọ. Áàpù orí fóònù lè ṣì díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúlò láti fi mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí ẹ tó tún nǹkan ṣe àti lẹ́yìn tí ẹ ṣe é. Ẹ gbé fóònù náà sójú kan náà nígbà méjèèjì.

Àgbà Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tá

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ti gbígbọ̀n ni mo fẹ́ sọ. Bí tírélà tàbí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, gíláàsì lúfà wa á máa lu férémù rẹ̀, kẹ́kẹ́kẹ́, a rò pé ilé fẹ́ wó. Ọmọ ọmọ mi gé rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ tínínrín, ó kì í sẹ́nu ibi tí gíláàsì kọ̀ọ̀kan jókòó sí. Kẹ́kẹ́kẹ́ náà dákẹ́. Ẹni tó bá sì ń gúnyán lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé odó lé táyà àtijọ́ tí ẹ tẹ́ fóòmù líle sínú ihò rẹ̀, kí ẹ má gbé e lé àárín yàrá. Ẹsẹ̀ ògiri ni kí ẹ gbé e sí, ibẹ̀ ni dẹ́kì ti le jù.

Ìyá Ọmọ Tuntun, Ṣómólú

Ẹ̀yin ará mi, mo padà dé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi àti ọkọ mi lọ bá bàbá onítẹ̀wé nísàlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a kúnlẹ̀ kí wọn, a sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gòkè wá wo nǹkan kan kí ọmọ iṣẹ́ wọn tó pa máṣíìnì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ síbi ife omi náà. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ìyá ọmọ, kí ló dé tí ẹ ò ti sọ fún mi?" Wọ́n sún tábìlì kúrò lára òpó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyẹn nìkan ti mú nǹkan bí ìdajì lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tú bóòtù, wọ́n tẹ́ rọ́bà sábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí Onítẹ̀wé Ṣómólú ṣe ṣàlàyé. Wọn ò tíì gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ní ó di ìgbà tí iṣẹ́ bá rọlẹ̀ lẹ́yìn ìwọlé àwọn ọmọ iléèwé. A ti ṣí fóòmù kúrò. Mo tún gbé omi kalẹ̀ lánàá: òrùka náà ṣì ń yọ, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́lẹ́ débi pé mo ní láti tẹjú mọ́ ọn kí n tó rí i. Gbì-gbì ti di bí ẹni tó ń fọwọ́ lu tìmùtìmù nínú yàrá tó jìnnà.

Ọmọ sùn láago méjì ọ̀sán, kò jí títí di aago mẹ́rin kọjá. Mo lọ fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì láti mọ̀ bóyá ó ń mí.

Káfíńtà Mushin, fèrèsé wa tó kọjú sí títì ló kù. Lúfà ni. Ṣé ẹ máa ń dé Ṣómólú?

Káfíńtà Mushin

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo máa ń dé ibẹ̀. Ẹ wọn ìbú àti gíga rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, torí férémù àtijọ́ kì í tọ́. Ẹ tún ya fọ́tò òkè àjà fún mi.